Mẹ́dọ̀wú C tún wọ ara ẹni tó ní HIV lẹ́yìn ìwòsàn: kí ni àwọn sójà ara ń ṣe?

Ọmọ Òṣínlé, Àkúrẹ́:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀ ìlera tó wà láàárín wa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n bèèrè, nítorí pé ojú ń tì í láti kọ ọ́ síbí. Ó ti tó ọdún 9 tí ó ti ń lo oògùn kòkòrò apa-sójà-ara, ìyẹn HIV, kò sì fi oògùn náà ṣeré rí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀, CD4 rẹ̀, ìyẹn iye àwọn sójà ara tí HIV ń pa, ti lọ sílẹ̀ dé 90. Lónìí ó ti gòkè dé 480, àyẹ̀wò kò sì rí HIV nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún 2022, wọ́n tún rí àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi C, ìyẹn hepatitis C, lára rẹ̀. A sá sókè sá sódò títí a fi rí owó oògùn. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 12, nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn sì kọjá, àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìyá wa pa adìyẹ lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù tó kọjá, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún un ní kíláníìkì fi hàn pé nǹkan kan ń yọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́nu. Ó wá lọ sí ilé àyẹ̀wò aládàáni kan nínú ìgboro. Wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí pátákó pélébé bíi ti àyẹ̀wò ibà, ìlà méjì yọ, ẹni tó ṣe é sì sọ fún un lójú ẹsẹ̀ pé àrùn náà ti padà.

Ohun tí kò yé mi nìyí. Nígbà tí a wà ní kékeré, èéyì mú gbogbo wa nínú ilé, kò sì tún padà mú ẹnikẹ́ni nínú wa títí di òní. Ìyá wa máa ń sọ pé ara ti mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí ara àbúrò mi kò mọ mẹ́dọ̀wú C lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún? Ṣé HIV ló mú kí ara rẹ̀ gbàgbé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ti ká HIV náà lọ́wọ́ kò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá mi lóhùn ní kúkúrú, nítorí pé ẹ̀gbọ́n wa kan ti ń fi ojú burúkú wo ìyàwó àbúrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Oníláàbù, Oǹdó:

Ẹ kú àníyàn, àǹtí mi. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe, inú mi kò sì dùn sí ohun tí wọ́n sọ fún àbúrò yín, nítorí pé ìlà méjì yẹn kò tó láti sọ pé àrùn ti padà. Ohun tí pátákó náà ń wá ni àǹtíbọ́dì, ìyẹn ọfà tí ara fúnra rẹ̀ rọ nígbà tí ó kọ́kọ́ pàdé kòkòrò náà. Bí oògùn bá tilẹ̀ wo ènìyàn sàn pátápátá, ọfà náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí wọ́n kọ nílà ní kékeré ṣì ní àpá rẹ̀ lójú. Ìyẹn kò sọ pé olóolà ṣì jókòó sínú ilé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wo àbúrò yín sàn títí di òní, ọjọ́ yòówù tí ó bá ṣe àyẹ̀wò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìlà méjì yọ.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, mo sì fẹ́ kí àwọn tó ní HIV gbọ́ ọ dáadáa. Bí CD4 ènìyàn bá lọ sílẹ̀ jọjọ, ara rẹ̀ lè má lágbára láti rọ ọfà náà rárá, kí pátákó máa sọ pé kò sí nǹkan kan nígbà tí kòkòrò ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò tó ń wá RNA, ìyẹn àbùdá kòkòrò náà gan-an, ni kí ẹ ṣe, èyí tí a máa ń pè ní PCR tàbí viral load. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ife wò lè ṣe é bí wọ́n bá ní katiríìjì ti mẹ́dọ̀wú C. Kí ẹ tó náwó ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ tàbí ibòmíràn, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n láti mọ̀ bóyá katiríìjì náà wà nílẹ̀.

Àgbà Ìdànrè:

Ẹ jẹ́ kí èmi náà da tèmi pọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo fẹ́ fún ìbátan mi ní ẹ̀jẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní àǹtíbọ́dì mẹ́dọ̀wú C wà nínú rẹ̀, wọn kò sì gbà á. Àyà mi já. Nígbà tí wọ́n wá ṣe PCR tí Oníláàbù ń sọ yìí, wọn kò rí kòkòrò kankan, bẹ́ẹ̀ ni n kò lo oògùn rí, n kò sì ní HIV. Dókítà ní ara mi ló lé e jáde fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé èmi ti wá dà bí ẹni tí èéyì ti mú rí? Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ló fi èmi àti ọmọkùnrin yìí ṣe ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?

Olùkọ́ Ìṣègùn, Oǹdó:

Bàbá, ìbéèrè yín àti ti àǹtí wa jọ ń lọ sí ibì kan náà. Ọ̀rọ̀ sójà ara ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ fara dà á bí ó bá gùn.

Kòkòrò èéyì kì í fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ìrísí. Èyí tó mú ìyá àgbà àti èyí tó mú ọmọ ọmọ rẹ̀ jọra débi pé ọfà kan náà ló ń ba àwọn méjèèjì. Ti mẹ́dọ̀wú C kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, ó lè da ara rẹ̀ kọ ní àìmọye bílíọ̀nù nínú ẹ̀dọ̀ ẹnì kan, kò sì ní ohun tó ń bá a tún àṣìkọ ṣe, nítorí náà ọmọ kì í jọ bàbá tán. Oríṣi mẹ́dọ̀wú C 8 ni a ti dá mọ̀ lágbàáyé, ẹ̀ka wọn sì lé ní 80. Ibi tí àǹtíbọ́dì máa ń fẹ́ gbá mú lára ẹ̀wù rẹ̀ gan-an ni ó tún ń yí padà jù lọ. Bí egúngún bá ń pààrọ̀ ẹ̀kú ní gbogbo ìkóríta, ẹni tó ń fi ẹ̀kú àná wá a kò ní bá a mọ́.

Bí ọfà kò bá tó, àwọn sójà alára ni ó kù. Oríṣi méjì ló kàn wá níbí. Àwọn CD8 ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò bá ti fi ṣe ilé. Àwọn CD4 ni ọ̀gá tó ń darí wọn, tó ń fún wọn ní okun, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n rántí ogun àná. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí méjì jáde lórí àwọn ìnàkí chimpanzee tí ara wọn ti lé mẹ́dọ̀wú C jáde tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú CD8 kúrò lára wọn kí wọ́n tó tún fi kòkòrò náà sí wọn lára, kòkòrò náà kò lọ títí CD8 fi padà. Nígbà tí wọ́n mú CD4 kúrò lára àwọn mìíràn, CD8 wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n apá wọn kò ká a: kòkòrò náà yí ara padà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì di àrùn tí kò lọ mọ́. Sójà wà, ọ̀gá kò sí. Nígbàkígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àwọn ìwádìí yìí, mo máa ń ní kí wọ́n gbé HIV sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé CD4 gan-an ni HIV ń pa.

Ẹ wá wo tiyín, Bàbá. Nínú ènìyàn 10 tí mẹ́dọ̀wú C bá wọ ara wọn, nǹkan bí 3 ni ara wọn máa ń lé e jáde láàárín oṣù 6. Tiyín wà lára wọn. Àwọn CD4 àti CD8 yín tètè bá a jà, wọ́n ṣẹ́gun kí àárẹ̀ tó mú wọn, wọ́n sì pa ìrántí ogun náà mọ́. Àbùdá tí a bí mọ́ni wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ní ọdún 2009, wọ́n rí àbùdá kan tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti lé e jáde, ó sì dunni pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ bí ó ṣe wọ́pọ̀ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti dà bí ẹni tí èéyì ti mú rí. Ní Baltimore, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àwọn tó ń gún oògùn olóró sí iṣan, tí wọ́n ti lé kòkòrò yìí jáde nígbà kan. Ó tún wọ ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní ẹ̀ẹ̀kejì, kòkòrò náà kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, kò sì pẹ́ níbẹ̀ kí ara ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn tó tún lé e lọ. Olè náà ṣì ń fo fẹ́ǹsì. Àwọn onílé ló ń tètè jí.

Àbúrò àǹtí wa kò sí ní ipò yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kòkòrò náà fi gbé inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kí oògùn tó dé, àwọn CD8 rẹ̀ sì ń jà lójoojúmọ́ láìsinmi. Bí ogun bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn sójà náà máa ń ti ìjánu bọ ara wọn lẹ́nu, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní PD-1. Wọ́n á wà láàyè, wọ́n á ṣì dá ọ̀tá mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ní ta mọ́. Nígbà tí oògùn wá dé, oògùn ló ṣẹ́gun, kì í ṣe àwọn sójà. Lẹ́yìn ìwòsàn, wọ́n máa ń sinmi, díẹ̀ nínú agbára wọn sì máa ń padà, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí wo inú kókó sẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n rí i pé àmì àárẹ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi kọ́ ọ sára ògiri. Irú ìrántí tí ẹ̀yin ní, Bàbá, ara tirẹ̀ kò rí i kọ́.

HIV wá dé sí i. Oògùn ojoojúmọ́ ti dá pípa CD4 dúró, 480 sì jẹ́ ohun ìdùnnú. Síbẹ̀, ẹ má gbàgbé 90 ọjọ́ kìíní. Bí wọ́n bá pa ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun, tí ìjọba sì gba àwọn mìíràn síṣẹ́, iye wọn lè pé padà láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ọ̀nà igbó kan pàtó wà nínú àwọn tuntun. Bí CD4 bá ti lọ sílẹ̀ tó nígbà kan rí máa ń hàn nínú bí ìrántí tí ara ní nípa mẹ́dọ̀wú C ṣe lágbára tó. Nítorí èyí, àwọn tó ní HIV tí ara wọn ń lé e jáde fúnra rẹ̀ kò tó ti àwọn tí kò ní. Ní ọdún 2002, ìwádìí Baltimore náà ti fi hàn pé ààbò tí àwọn tó ti lé e jáde rí máa ń ní a máa dínkù bí HIV bá wà lára. Ní Yúróòpù, ní ìlú bí Amsterdam àti London, àwọn dókítà rí ọkùnrin tó ní HIV, tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀, tí mẹ́dọ̀wú C wọ ara wọn lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta lẹ́yìn ìwòsàn.

Àǹtí mi, bí ẹ bá wá bi mí pé kí ló dé tí kò sí àjẹsára fún un bíi ti oríṣi B, ohun tí mo ti sọ yìí náà ni. Wọ́n dán ọ̀kan wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Ó jí àwọn CD8 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín iye àwọn tí àrùn náà jókòó sí lára kù.

Ọmọ Òṣínlé, Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ka èsì yín sókè fún àbúrò mi, ó sì ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá láti Ìdànrè ní pàtàkì, nítorí pé òun rò pé òun nìkan ni nǹkan yìí ń ṣe. A ti ṣe PCR náà. Wọ́n rí kòkòrò. Ìbéèrè méjì ló kù mí kù. Ṣé kì í ṣe pé èyí àtijọ́ ló fara pamọ́ síbì kan láti ọjọ́ yìí? Kí ni kí n sì sọ fún ẹ̀gbọ́n wa nípa ìyàwó àbúrò mi, ẹni tí kò ní HIV rárá?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ sì kú ìdúró ti àbúrò. HIV a máa hun ara rẹ̀ mọ́ àbùdá sẹ́ẹ̀lì wa, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè dá oògùn rẹ̀ dúró. Mẹ́dọ̀wú B náà ní ibùba nínú kókó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Mẹ́dọ̀wú C kò ní irú ibùba bẹ́ẹ̀. Bí ó bá máa padà nítorí pé oògùn kò pa á tán, láàárín ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn oògùn ló sábà máa ń yọjú. Ti àbúrò yín ti kọjá ọ̀sẹ̀ 12 náà láìsí nǹkan kan, ọdún sì ti gorí ọdún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé tuntun ni èyí. Bí ìwé àyẹ̀wò ti ọdún 2022 bá sọ oríṣi tó ní nígbà náà, wọ́n lè fi wé ti ìsinsìnyí. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, àríyànjiyàn parí.

Ní ti ìyàwó, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí ó jọ̀ọ́ mú ojú náà kúrò lára rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò yìí ń gbà lọ sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọkọ àti aya, ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ó ran ẹnì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé HIV lè fi díẹ̀ kún ewu náà. Dípò rẹ̀, ẹ bi àbúrò yín ní ìbéèrè ní jẹ́jẹ́, láìsí ìdájọ́: ṣé ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọdún 2022 wá? Ṣé ó sín gbẹ́rẹ́? Ṣé onígbàjámọ̀ kan gé e lára? Ṣé wọ́n fa eyín fún un níbi tí wọn kì í ti í se irinṣẹ́?

Ọmọ Òṣínlé, Àkúrẹ́:

Mo bi í. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún, òun tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ sín gbẹ́rẹ́, àwọn mẹ́rin ni, abẹ kan ṣoṣo ni bàbá náà sì fi sín gbogbo wọn, omi lásán ló fi ń fọ̀ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní in. Mo ti fi èsì náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wa.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́:

Ẹ wá àwọn mẹ́ta yòókù kàn o, kí wọ́n lọ ṣe PCR. Èyí tó sọ ọ́ di pàjáwìrì ni pé ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ láìmọ̀, kì í sì í dun ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oògùn lẹ́ẹ̀kejì a máa ṣiṣẹ́ dáadáa lórí irú àkóràn tuntun báyìí bí ó ṣe ṣiṣẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Nínú ènìyàn 100, ó ju 95 tó ń rí ìwòsàn, yálà HIV wà lára tàbí kò sí. Kí dókítà tó kọ ọ́, ẹ rí i pé ó mọ gbogbo oògùn tó ń lò. Dolutegravir tí a fi ń ká HIV lọ́wọ́ kò àti sofosbuvir tí a fi ń wo mẹ́dọ̀wú C kò bá ara wọn jà. Efavirenz, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lò tẹ́lẹ̀ rí fún HIV, a máa dín agbára velpatasvir, tí a máa ń lò pọ̀ mọ́ sofosbuvir, kù. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ife náà kò gbọdọ̀ pàdé rẹ̀. Kí wọ́n tún yẹ mẹ́dọ̀wú B wò, nítorí pé bí C bá ń lọ, B tó ti sùn lè jí. Láti ọdún 2016 ni àwọn alákòóso oògùn ní Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018 rí B lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, nígbà tí C jẹ́ 1.1, nítorí náà ọ̀rọ̀ B kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Bí tenofovir bá wà nínú oògùn HIV rẹ̀, ó ń ká B náà lọ́wọ́ kò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ láìbèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, kí ó fi àgbo ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà náà. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti gbé ìgò kan wá.

Àgbà Ìdànrè:

Oníláàbù, ṣé kí n máa ṣe PCR lọ́dọọdún?

Oníláàbù, Oǹdó:

Bí kò bá sí abẹ tàbí abẹ́rẹ́ àjùmọ̀lò nínú ọ̀rọ̀ yín, Bàbá, kò pọn dandan. Bí ó bá wà, ẹ ṣe é lọ́dọọdún, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pátákó onílà méjì dá yín lóhùn.

Ọmọ Òṣínlé, Àkúrẹ́:

Nọ́ọ̀sì, ìgò méjì ni wọ́n gbé wá. Ìyá wa ti dà wọ́n nù. A rí ìwé ọdún 2022: oríṣi 1 ló wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a máa rí dókítà, a ó sì bèèrè oríṣi ti ìsinsìnyí. Mo ti kọ orúkọ oògùn HIV rẹ̀ sórí bébà láti ara ike rẹ̀, dolutegravir àti tenofovir wà níbẹ̀, kò sí efavirenz. Méjì nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbà láti bá wa lọ. Ẹ̀kẹta kò tíì gbé fóònù.